Òfin àti Òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Agége: Ta Ló Ń Lé Ta?

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Michael Imoudu ti kó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè jọ, tàbí Iva Valley ní Enugu, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òfin ṣe ń di òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, àti bí òṣìṣẹ́ ṣe ń tú ara rẹ̀, kó wá sí Ìkẹjà àti Agége. Gbogbo irú òfin tí ìjọba lè ṣe lé òṣìṣẹ́ lórí ló ti kọjá lágbègbè yìí: èyí tó fàyè gba ẹgbẹ́, èyí tó fòfin de ìyanṣẹ́lódì pátápátá, èyí tó da ẹgbẹ́ pọ̀, èyí tó fún òṣìṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí mo rí ni pé èyí tó le jù nínú wọn kọ́ ló ṣe òṣìṣẹ́ léṣe jù. Èyí tó dà bí oore ló ṣe é léṣe, àti èyí tí wọ́n kọ dáadáa tí agbanisíṣẹ́ wá rí ihò inú rẹ̀.

Kí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tó dúró sí Ìkẹjà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti lébírà tó ń ṣiṣẹ́ òde fún ìjọba kọ ètò wákàtí tuntun tí Gómìnà McCallum gbé lé wọn lórí. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, gómìnà sì ní láti bá wọn dúnàádúrà. Wọn ò ní ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, kò sì sí òfin kankan tó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ bínú. Ó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní òfin tirẹ̀, nígbà tí rògbòdìyàn àwọn òṣìṣẹ́ ní Trinidad àti Jàmáíkà ti kó ìpayà bá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ọdún 1938, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1939, ní ènìyàn márùn-ún péré lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀. Ìtúsílẹ̀ ni lápá kan. Lápá kejì, ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀, ìjọba mọ ilé rẹ̀, ó mọ alága rẹ̀, ó sì lè yẹ ìwé owó rẹ̀ wò.

Ènìyàn márùn-ún yẹn ṣe pàtàkì sí ìtàn Ìkẹjà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ń wá ibi tí yóò tẹ́ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ sí ní ìparí àwọn ọdún 1950, Ìkẹjà ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ojú irin kọjá níbẹ̀, títì Agége Motor Road kọjá níbẹ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú wà níbẹ̀, èbúté Àpápá kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà kò sí lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọba Akran ti Àgbádárìgì tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yẹn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì tó gba àárín ọgbà ilé-iṣẹ́ náà kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Guinness ti ń pọn ọtí, Dunlop ti ń ṣe táyà, ilé-iṣẹ́ aṣọ Nigerian Textile Mills ti ń hun aṣọ. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Òfin ti ní ènìyàn márùn-ún tó, nítorí náà ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ inú ilé: alága rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ bíi tìrẹ, ẹ jọ ń jẹun lọ́sàn-án, bó bá sì ṣe ohun tí kò tọ́, o mọ yàrá rẹ̀ ní Agége.

Agége ni wọ́n ń gbé. Ìlú àgbẹ̀ olóbì àti olókòókò ni tẹ́lẹ̀ rí, láyé J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó di pé àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé oníyàrá méjìlá tí yàrá dojú kọra wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ka ìwé mẹ́fà tàbí modern school ní Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta tàbí Ọ̀yọ́ yóò wá bá ará ilé rẹ̀ gbé, yóò máa lọ dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ títí wọn yóò fi pè é wọlé. Ìyá olóńjẹ ń tà á láwìn títí di ìparí oṣù. Télọ̀ ń rán aṣọ fún un, yóò san díẹ̀díẹ̀. Owó oṣù kan ṣoṣo tó ń jáde ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gbà á kiri Agége.

Èyí ló mú kí oṣù kìíní ọdún 1971 rí bó ṣe rí, oṣù tí mo ka sí pàtàkì jù nínú ìtàn agbègbè yìí. Ṣáájú ìgbà náà, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbò ti wáyé ní oṣù kẹfà 1964, ọjọ́ 13 gbáko, nítorí àbọ̀ ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adéyínká Morgan lórí owó oṣù. Tafawa Balewa fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí 48 láti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò dá a lóhùn, ìjọba sì padà sídìí àsọyé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun dé, ogun abẹ́lé sì dé. Ogun ni wọ́n fi ṣe àwáwí nígbà tí wọ́n gbé Decree 21 ọdún 1968 jáde, tó fi túláàsì gbé gbogbo aáwọ̀ lọ síwájú onílàjà ìjọba, tí Decree 53 ọdún 1969 sì tẹ̀ lé e, tó sọ ìyanṣẹ́lódì di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Ogun parí ní oṣù kìíní 1970. Decree 53 kò parí.

Ọjà ti gbówó lórí nígbà náà, owó oṣù sì wà lójú kan. Ìjọba Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Simeon Adébọ̀, ìgbìmọ̀ yìí sì gbé apá àkọ́kọ́ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní òpin ọdún 1970: kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní owó ìrọ̀rùn nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Inú Agége dùn. Ìgbà tí wọ́n ka ìwé náà délẹ̀ ni wọ́n rí i pé ilé-iṣẹ́ àdáni tó bá ti fi nǹkan kún owó òṣìṣẹ́ láti 1964 lè yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí Adébọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà sì gbá ihò yẹn mú. Ohun tí òṣìṣẹ́ fi ọdún mẹ́fà bá ọ̀gá jà kó tó rí gbà ni ọ̀gá fẹ́ fi rọ́pò owó Adébọ̀ yìí.

Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, èyí tó múlé tì í tẹ̀ lé e, nítorí pé àwọn tó ṣiṣẹ́ níbí àti àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún jọ ń sùn nínú ilé kan náà ni. Àwọn olórí ńlá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Yábàá kọ́ ló pè wọ́n jáde. Àwọn aṣáájú inú ilé-iṣẹ́ ló pè wọ́n. Ẹ̀wọ̀n wà nínú òfin, ọlọ́pàá wà lẹ́nu géètì, ìjọba ológun ló wà lórí oyè, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Kò pẹ́ tí Anthony Enahoro, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nínú ìjọba àpapọ̀, fi ní láti kéde pé ilé-iṣẹ́ àdáni náà gbọ́dọ̀ san owó yẹn. Òfin tó le jù nínú ìtàn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ni Decree 53, òun gan-an sì ni ẹgbẹ́ kéékèèké láàárín Ìkẹjà àti Agége tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Adrian Peace, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Agége ní àkókò náà, kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1979. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà yẹn. Giovanni Arrighi àti John Saul ti ní òṣìṣẹ́ olówó oṣù ní ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ ẹni tó ń jẹ̀gbádùn lórí àgbẹ̀ àti tálákà ìlú. Peace ní ohun tí òun rí ní Agége kò jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò wẹ́wẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé owó tó bá wọ àpò òṣìṣẹ́ yóò dé ìsọ̀ àwọn. Ojú agbẹnusọ ni wọ́n sì fi ń wò wọ́n níwájú ìjọba tí kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, àfi pé mo fẹ́ kí a rántí pé onílé náà ń gbọ́ ìròyìn. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá kéde owó oṣù tuntun, owó yàrá máa ń kúrò lójú kan kí owó náà tó jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kò fi rí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bí ibi tí wọn yóò dàgbà sí. Wọ́n ń tọ́jú owó láti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí táksí, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Udójì dámọ̀ràn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìjà náà sì tún bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tirẹ̀ sókè gidigidi, ó tún fún wọn ní owó ẹ̀yìn oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ti ilé-iṣẹ́ àdáni sì ní ọjà kan náà làwọn jọ ń ná. Wọ́n gbà á pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì. Ibi yìí ni mo rò pé ìjọba ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kọ́ náà hàn láàárín ọdún mẹ́ta. Decree 7 ọdún 1976 lórí aáwọ̀ iṣẹ́ kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yanṣẹ́ lódì. Ohun tó ṣe ni pé ó la ọ̀nà gígùn kan sílẹ̀: ẹ kọ́kọ́ jọ sọ ọ́ nínú ilé, bí kò bá yanjú, ẹ yan onílàjà, bí kò bá tún yanjú, ẹ kọ̀wé sí mínísítà, mínísítà yóò yan olùlàjà tirẹ̀, bí ìyẹn náà bá kùnà, mínísítà yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ onídàájọ́, ẹni tí ìdájọ́ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò gba Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ tí Decree yìí dá sílẹ̀ lọ. Ní gbogbo àsìkò tí ọ̀rọ̀ bá fi wà lójú ọ̀nà yìí, ìyanṣẹ́lódì lòdì sófin. Ẹ wò ó dáadáa, mínísítà ló ń di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan mú. Òṣìṣẹ́ tí inú ń bí lónìí, oṣù mélòó kan yóò ti kọjá kí ẹjọ́ rẹ̀ tó dé ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ. Ìbínú tó ran ilé-iṣẹ́ kan dé èkejì ní 1971, báwo ni yóò ṣe gbóná tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà?

Ní 1977, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adébíyí tó wádìí ìwà àwọn olórí ẹgbẹ́ gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde, ìjọba sì fòfin de olórí 11 kí wọ́n má ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Imoudu wà nínú wọn, Wahab Goodluck náà wà níbẹ̀. Kí n má parọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣàìsàn nígbà náà. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ mẹ́rin ló ń bá ara wọn jà, owó ń wá fún àwọn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà, fún àwọn mìíràn láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n oògùn tí ìjọba lò ju àìsàn náà lọ. Ó mú ẹgbẹ́ tó lé ní 1,000, ó rọ wọ́n sínú ẹgbẹ́ 42, ó sì fi gbogbo wọn sábẹ́ Nigeria Labour Congress (NLC) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kejì 1978, tí Hassan Súnmọ́nú ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ kékeré tó wà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ l'Ọba Akran di ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Kàdúná.

Owó ẹgbẹ́ náà yí padà. Kó tó di 1978, akápò ẹgbẹ́ inú ilé-iṣẹ́ ní láti máa lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ ní ìparí oṣù kó tó gba owó ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ kò bá dùn yóò sì sọ ọ́ sí i létí kó tó sanwó, tàbí kó má tilẹ̀ san. Látìgbà náà, akáǹtì ilé-iṣẹ́ ló ń yọ ọ́ láti orí owó oṣù, tó ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ di olówó, ó kọ́ ilé, ó ra mọ́tò, ó gba akọ̀wé tó gboyè. Kì í ṣe pé ìyẹn kò wúlò: láìsí ètò yẹn, bóyá ni NLC ì bá ti lè da gbogbo orílẹ̀-èdè dúró ní oṣù karùn-ún 1981, tí owó oṣù tó kéré jù sì fi di ₦125 nínú òfin. Àmọ́ ẹni tí ọ̀gá ń bá a gbowó, ó ṣòro fún un láti má máa wo ojú ọ̀gá. Ìjíròrò orí ẹ̀rọ ní ìparí oṣù kú, lójú tèmi, òun sì ni ẹgbẹ́ gan-an.

Ọ̀wọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè àti àìsí iná mànàmáná dé ní àwọn ọdún 1980 àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ kógbá sílé, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró l'Ọba Akran ní 2008, àwọn ilé ìkẹ́rù-sí kan sì di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àríyá. Òfin kọ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́kù rí i pé òṣìṣẹ́ tí ń wá iṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, wọ́n sì tún ka òfin wọn.

Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 la ṣì ń lò dòní. Kì í ṣe òfin burúkú. Abala 7 rẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. Abala 9 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àìṣẹgbẹ́ ṣe àdéhùn iṣẹ́. Abala 11 ní ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan péré tó láti fi sọ fún un pé kó máa lọ. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùn-ún, oṣù kan. Abala 20 ní kí ọ̀gá tó bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ fún ẹgbẹ́, kó sì kọ́kọ́ mú ẹni tó dé kẹ́yìn. Ka abala 7 àti 11 pọ̀, wàá rí ihò náà. Bí o bá gba ènìyàn, tí o lé e kó tó pé oṣù mẹ́ta, tí o tún gbà á padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò níí gbó lẹ́nu iṣẹ́ láéláé lójú ìwé.

Bí kásúà, òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ṣe ń gbé nìyẹn. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ wọ́n ti tò sí ẹnu géètì. Ẹni tó mú ìwé dání jáde kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Kọńtírákítọ̀ ló rán an. Ó ka orúkọ, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ wọlé, ẹni tí kò gbọ́ yóò dúró wò bóyá ẹnì kan kò ní wá. Àwọn àti òṣìṣẹ́ gidi jọ ń ṣe ṣíìfù, wọ́n jọ ń ki páálí sínú ọkọ̀, ẹ̀rọ kan náà ló lè gé wọn lọ́wọ́. Àmọ́ owó wọn kò dọ́gba. Ẹgbẹ́ kò gba owó lọ́wọ́ wọn nítorí orúkọ wọn kò sí lórí ìwé owó oṣù, bí o bá sì bi ilé-iṣẹ́, yóò ní àwọn kọ́ làwọn gbà wọ́n. Mo rí ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ ṣe kásúà níbi kan náà. Ọmọ rẹ̀ ti wọlé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí bébà kan lágbàáyé tó fi hàn pé bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odògúnyàn, Ìkòròdú, lóru, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì rí ọ̀nà jáde nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló kú síbẹ̀. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé-iṣẹ́, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Ta ni yóò wá wò ó? Òṣìṣẹ́ tó lè lọ bá ọ̀gá pé kó ṣílẹ̀kùn ni ẹni tí ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kásúà tó bá sọ ọ́ lónìí, wọn kò ní ka orúkọ rẹ̀ lọ́la.

Lókè lọ́hùn-ún, àwọn aṣòfin ṣì ń bá NLC jà. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì lórí owó epo tí Adams Oshiomhole ṣáájú, ìjọba Ọbásanjọ́ mú òfin 2005 jáde: wíwọ ẹgbẹ́ di ìfẹ́ ọkàn, NLC nìkan kọ́ ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìbò kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá sì rú òfin yìí lè san ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìyẹn kò dá ènìyàn dúró ní oṣù kìíní 2012, nígbà tí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn lórí owó epo kún Ọ̀jọ́tà dẹ́nu. Ohun tó yí padà sí rere jù ni ti ilé ẹjọ́. Òfin 2006 àti àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ di ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì fún un láṣẹ láti wo ohun tí ayé ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Láti ayé òyìnbó ni adájọ́ wa ti ń sọ pé ọ̀gá lè lé ọmọ iṣẹ́ láìsọ ìdí kankan. Ní 2015 ilé ẹjọ́ yìí ní kò yẹ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ọ̀gá sọ ìdí rẹ̀. Mo yọ̀ nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí ni yóò gbé lọ síwájú adájọ́?

Ihò mìíràn wà nínú òfin owó oṣù tó kéré jù. Ti 1981 yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 sílẹ̀. Ti 2019, tó sọ owó náà di ₦30,000, dín in kù sí 25, ó sì yọ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ohun tí wọ́n bá ṣe jáde sílẹ̀. Kọńtírákítọ̀ tó ní ènìyàn 20 ní ilé-iṣẹ́ kan, 20 ní èkejì, ó mọ bí òun yóò ṣe kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ₦70,000 ní oṣù keje 2024, tí Èkó ní òun yóò san ₦85,000 fún àwọn tirẹ̀, wọn kò fọwọ́ kan apá yìí. Òfin tuntun náà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa yẹ owó náà wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́, ìyẹn ni pé 2027 ló tún kàn. Kí àwọn ẹgbẹ́ tó lọ jókòó ní Àbújá lọ́dún náà, ohun kan wà tí wọ́n lè béèrè tí kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀: kí òfin ka gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan sí òṣìṣẹ́ ẹni tó ni òrùlé, láìka ẹni tó mú ìwé dání lẹ́nu géètì sí.